Bàbá Ìbejì, Àga Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ní Ó Ṣẹ́kù

Bàbá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Tí o bá ń rò ó pé ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù dípò kí n kọ lẹ́tà tí gbogbo ayé máa kà, rántí pé ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ síta. Ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá lo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí o ní káńsù yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kórìíra àwa èèyàn dúdú, pé bọ́ọ̀sì ìjọba ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín lójoojúmọ́ tòun ti àga òfìfo, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ohùn náà dé ìparí. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá adìẹ ló ń ké lẹ́yìn rẹ ni àbí ẹnì kan ló ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀sì ilé ìwé rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wà pẹ̀lú dírẹ́bà nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn ọmọ tó ní àìlera lọ síléèwé, tí mò ń di bẹ́líìtì mọ́ wọn láyà, tí mo di ìwé orúkọ mú bí akọ̀wé ìjọ, tí ọ̀rá tí ọmọ máa bì sí ò sì gbọ́dọ̀ wọ́n lápò mi. Nítorí náà, bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń bá ọ dárò, èmi ò ní bá ọ dárò kí n tó bi ọ́ léèrè: ta ló ní kí o mú ilé ìwé yẹn?

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ṣe ohun tí mò ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú o. Wọ́n ti ṣe é sí mi rí, ojú mi ò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n lórí bọ́ọ̀sì yìí, òyìnbó tó bá ṣe ohun tí o ṣe, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ gan-an ni wọ́n máa kọ sí i. Orúkọ nìkan ni wọ́n máa yí padà.

Peckham tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀ ní London ló bà ọ́ jẹ́. Láti ọdún 2005 ni àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 ti ń wọ bọ́ọ̀sì London lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ á fi káàdì Zip kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó lè máa gbé Peckham kó máa lọ síléèwé ní Croydon, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ṣe èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Ìwà yẹn lo dì sínú ẹrù yín nígbà tí ẹ ń kó lọ sí abúlé tí ẹṣin ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí ẹ rà síbẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. Ewúro tí Ìyá Ìbejì gbìn sẹ́yìn ilé náà ṣe gudugudu títí yìnyín fi pa á. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì èrò tó ń gba abúlé yín kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni lójúmọ́, aago mẹ́wàá sì ni ti àkọ́kọ́ ń dé, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ kejì ní kíláàsì.

Ohun tó kù níbẹ̀ ni òfin ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1996. Òfin yẹn ní kí káńsù máa gbé ọmọ ọdún 5 sí 16 lọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, bí ilé ìwé tó bá a mu tó sún mọ́lé jù lọ bá jìn ju ibi tó yẹ kẹ́sẹ̀ rìn dé. Fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 8, ó gbọ́dọ̀ ju máìlì 2 lọ. Fún ọmọ ọdún 8 sókè, máìlì 3. Bí ọ̀nà bá léwu fún ọmọ àti àgbà tó ń sìn ín lọ, wọn á gbé e bó tilẹ̀ jẹ́ tòsí ni. Bí ọmọ bá ní àìlera tí kò jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ rìn ín, wọn á gbé e. Ilé tówó ò sí náà ní àyè tirẹ̀, màá dé ibẹ̀. Ìwọ tó o máa ń ka ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ fóònù dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, o ò ka èyí. Ilé ìwé tó sún mọ́lé jù lọ, ni wọ́n wí. Wọn ò sọ pé èyí tó wu bàbá ọmọ.

Èyí tó sún mọ́ yín jù, máìlì 2.7 ni. Èmi náà wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ lọ wò ó. A ò tíì bọ́ sílẹ̀ tí o ti ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo aṣọ wọn, ẹ ò rí i bó ṣe rí bí àmàlà?" Àmàlà ni lóòótọ́, àmàlà tí wọn ò sì rò jiná. Lẹ́yìn náà la lọ sí ìkejì, máìlì 4.1, kóòtù aláwọ̀ aró, kìnnìún oníwúrà láyà. Ojú rẹ tàn. Kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tí fọ́ọ̀mù ń kásẹ̀ nílẹ̀, o kọ kìnnìún sí àyè kìíní, o kọ ilé ìwé kan tó tiẹ̀ tún jìn jùyẹn lọ sí àyè kejì, o fi àyè kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ alámàlà ò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ìmeèlì wọlé pé kìnnìún gbà wọ́n. O pè mí, orin lo fi kí mi.

Ibẹ̀ gan-an lo ti ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mọ́ ara rẹ, ọwọ́ rẹ sì lo fi tì í. Ká ní o kọ alámàlà sínú fọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá ní ibẹ̀ ti kún, kìnnìún ì bá di èyí tó sún mọ́ jù tó láyè, bọ́ọ̀sì ì bá sì tẹ̀ lé e, torí 4.1 ju 3 lọ. Ṣùgbọ́n àyè wà lọ́dọ̀ alámàlà. Káńsù wò ó, wọ́n rí i pé ká ní o béèrè, wọn ì bá fún ọ. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ilé ìwé tó wù ú. Owó mọ́tò ohun tó wù ú ni òfin ò bá a dá sí.

O wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Lẹ́tà àkọ́kọ́, o gbé Lexus jáde, o wo mítà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yín dé ọ̀dọ̀ kìnnìún, o ya fọ́tò mítà náà, o fi ránṣẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n ní jíjìn kọ́ lẹjọ́. Lẹ́tà kejì, o ní ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ alámàlà gba inú oko, pé ó léwu fún ọmọ, nítorí náà kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ kìnnìún. Bàbá Ìbejì! Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà pé ọ̀nà yẹn léwu, ọ̀dọ̀ alámàlà náà ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ máa gbé wọn lọ. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ò ń fi gbogbo agbára rẹ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí o ò fẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìkẹta. Ìwọ tí mi ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì, o rántí lójijì pé onígbàgbọ́ paraku ni ọ́, pé kìnnìún tó wà láyà kóòtù yẹn, kìnnìún Máàkù Mímọ́ ni, pé ìdí ẹ̀sìn lo ṣe mú ilé ìwé náà. Mo bi olùkọ́ kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀. Ó ní ilé ìwé náà kì í ṣe ti ìjọ kankan, pé àmì ìdílé ọlọ́lá kan tó ni ilẹ̀ yẹn láyé àtijọ́ ni kìnnìún ọ̀hún. Àní ká tiẹ̀ ní ti ìjọ ni: àyè tí òfin fi lélẹ̀ fún ẹ̀sìn, láti máìlì 2 dé 15, ọmọ ọdún 11 sí 16 tówó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kéré ló wà fún. Ìwọ sì ti fi fọ́tò mítà Lexus ránṣẹ́ sí wọn.

Ọmọbìnrin ilé kejì yín tó o ní wọ́n ń ṣe ojúsàájú fún, inú òfin yìí kan náà ló wà. Ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ níléèwé torí pé owó ò sí nílé, tó ti pé ọdún 11, òfin fún un ní àyè tí kò fún tìrẹ: bí ilé ìwé bá wà lára mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù, tó sì wà láàárín máìlì 2 sí 6, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e. Ìyá rẹ̀ lè wo àmàlà, kó wo kìnnìún, kó mú kìnnìún, kí bọ́ọ̀sì sì wá. Inú mi dùn sí i. Ibì kan rèé láyé tí tálákà ti rí yíyàn tólówó ò rí.

Máìlì 3 yìí fúnra rẹ̀, ó ti dàgbà o. Láti inú òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1870 ló ti jáde. Nígbà náà wọn ò ronú bọ́ọ̀sì fún ẹnikẹ́ni, owó ìtanràn òbí ni wọ́n ń rò. Òfin yẹn ní bí ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìgbà náà bá fẹ́ fi dandan lé e pé kí ọmọ lọ síléèwé, òbí lè jàre bí kò bá sílé ìwé láàárín máìlì 3 sílé. Nígbà tó di 1944, wọ́n yà á sọ́tọ̀: máìlì 2 fún àwọn kéékèèké, 3 fún àwọn tó ti pé ọdún 8. Títí dòní, ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní bọ́ọ̀sì nìyẹn: kí òbí má bàa rí àwíjàre bí wọ́n bá gbé e lọ sí kóòtù pé ọmọ rẹ̀ ò lọ síléèwé. O pè é ní àánú ìjọba. Àánú kọ́. Agbẹjọ́rò ló kọ ọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà eléwu, ní 1986, ẹjọ́ kan dé Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù nígbà náà: Rogers àti káńsù Essex. Ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ilé ọmọ náà dé ilé ìwé jẹ́ máìlì 2.94. Ó gba ojú ọ̀nà àdádó kan tí kò ní iná. Òbí ní ọmọ ọdún 12 ò lè dá a gbà. Àwọn Lọ́ọ̀dù ní ọ̀nà wà, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá lè rìn ín láìséwu tí àgbà bá ń bá a lọ. Ẹni tó máa bá a lọ ń kọ́? Wọ́n ní ìyẹn kù sọ́wọ́ òbí. Ohun tí káńsù ń dúró lé títí dòní nìyẹn, èmi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá tó wọṣẹ́ aago mẹ́fà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bó ṣe jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ń ṣe é ní àwọn ìlú kéékèèké báyìí, ta ni kó bá ọmọ rẹ̀ rin máìlì 2.94 láàárọ̀ oṣù Kìíní tí ilẹ̀ ò tíì mọ́? Tó bá jẹ́ pé èyí lo fi ṣe ohùn oníṣẹ́jú mọ́kànlá rẹ, èmi ni ì bá kọ́kọ́ fi àmì àtàǹpàkò sí i.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ò rìn?" A rìn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, tíṣà wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì ò sí nínú rẹ̀. Bí a sì ṣe bá a nígbà tiwa náà nìyẹn. Láti Mọ́kọ́lá ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, mo fi bàtà sínú àpò kó má bàa jẹ, mo máa ń wọ̀ ọ́ tí mo bá ti ń wo ẹnu géètì lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ogún ọmọ la jọ ń lọ. Ìyá alákàrà mọ̀ wá, oní-kẹ̀kẹ́ mọ̀ wá, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú wa níbi, gbogbo àdúgbò ló máa bá a fà á. Lójú ọ̀nà yín níbẹ̀, màlúù nìkan ló mọ Táyé.

Ó yá, jẹ́ ká dé orí àga.

O ní ò ń rí àga òfìfo nínú bọ́ọ̀sì bó ṣe ń kọjá. Aago mélòó ló ń kọjá? O ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ṣé o mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá fi ẹnu ọ̀nà yín sílẹ̀? Mo bá ọ wo ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìdíkọ̀ mẹ́ta ṣì wà níwájú. Àwọn ọmọ tó ni àwọn àga tí ò ń wò yẹn, wọ́n ṣì ń jẹ kọ́nfíléèkì nílé bàbá wọn! Bí ẹni dúró sí Ọ̀jọ́ọ̀ ló ṣe rí, tó ń pariwo pé mọ́tò Ọ̀yọ́ ò ní èrò.

Àga míràn tún wà tó máa ṣófo dé ilé ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ jókòó sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, àga 16 ni bọ́ọ̀sì wa ní. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ti kó mẹ́sàn-án péré lọ rí: ọ̀kan ń húkọ́, bàbá ọ̀kan wà ní ìsinmi ló bá fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé e, òmíràn sùn sílé ìyá àgbà. Mo ní láti kọ "kò wá" sí iwájú orúkọ wọn pẹ̀lú bírò pupa, mi ò sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ míràn sórí àga wọn, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ kúnlẹ̀ sójú òpópó. Ìyá kan kúnlẹ̀ fún mi rí. Èmi náà ní láti kúnlẹ̀ padà, àwa méjèèjì wá wà nílẹ̀, dírẹ́bà ń fun fèrè. Ó dùn mí ju bí mo ṣe ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kọlu nǹkan lọ́nà, ìwé orúkọ yẹn ni ọlọ́pàá máa fi mọ iye ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Káńsù á ka iye ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́, á háyà bọ́ọ̀sì tó bá iye wọn mu lọ́wọ́ oníbọ́ọ̀sì. Bí ọmọ bá jẹ́ 48, tí bọ́ọ̀sì sì jẹ́ alága 53, márùn-ún ṣẹ́kù. Márùn-ún yẹn ni wọ́n lè fún àwọn bíi tìrẹ, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti wọlé tán, tí gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sì ti jókòó. Kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ o. Níbi púpọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni lọ́dún fún ọmọ kan. Bí ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ bá sì kó dé sí àdúgbò ní oṣù Kejì, wọ́n á kọ̀wé sí ọ pé ẹ ṣeun, kí ọmọ rẹ dìde. Bí ọdún tó ń bọ̀ bá sì jẹ́ pé ọmọ 30 péré ló kù, bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n máa háyà, àga tó ṣẹ́kù á sì bá bọ́ọ̀sì ńlá lọ. Àlejò ni ọ́ lórí àga yẹn.

Ọ̀kan tún wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún èèyàn torí wọn kì í gbà mí gbọ́. Láti ọdún 2000 ni òfin kan ti wà pé bọ́ọ̀sì alága tó ju 22 lọ tó ń gba owó èrò gbọ́dọ̀ ní àyè tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ ọ̀fẹ́ nìkan ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí káńsù bá ta àga kan péré, bọ́ọ̀sì kan náà, dírẹ́bà kan náà, ọ̀nà kan náà, ó ti di mọ́tò tó ń gba owó èrò. Àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìwé, púpọ̀ wọn ò ní àyè yẹn. Ìjọba ti sún ọjọ́ síwájú fún wọn rí, káńsù míràn sì ní kàkà kí òun tọrùn bọ ọ̀ràn, òun ò ní ta àga mọ́. Èmi tí mo ti ti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gun bọ́ọ̀sì lójú òjò, mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá. Síbẹ̀, ó pa mí lẹ́rìn-ín pé owó rẹ, Bàbá Ìbejì, lè sọ odindi bọ́ọ̀sì di arúfin.

Tí o bá sì tún fẹ́ bèèrè pé níbo lowó káńsù ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì mi ni. Owó tí àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ná lórí gbígbé ọmọ lọ síléèwé ti ju bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń lọ sórí àwọn ọmọ tó ní àìlera, tí ilé ìwé tó lè gbà wọ́n jìn, tí ẹlòmíràn ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jókòó pọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ kí o kùn sí ìyẹn.

Nígbà tó yá, lẹ́tà tó o ń dúró dè dé. Àga ṣẹ́kù. Àga kan.

Ọmọ méjì, àga kan! Mo kọ́kọ́ rò pé ò ń pa irọ́ fún mi ni, títí o fi ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ìlànà wọn ni pé bí ọmọ méjì bá ń du àga kan ṣoṣo, tí ibi tí wọ́n ń gbé ò sì yàtọ̀, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni wọ́n máa fún. Obìnrin ọ́fíìsì náà, tí mo rò pé kò ní ibi kankan nínú, wo ìwé ìbí, ó rí i pé Táyé fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣáájú, ó sì fi orúkọ Kẹ́hìndé sí àga. Níbi tó yẹ kí o ti dákẹ́, kí o sanwó, kí o máa wá bí o ṣe máa gbé Táyé, o kọ̀wé ojú ìwé méjì sí obìnrin yẹn láti ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Pé òun ló rán Táyé jáde kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dára. Pé nítorí náà, Táyé lọmọdé, Táyé ni kí wọ́n fún ní àga.

Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n ka èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Ó ní òun ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá òun. Ọ̀gá ẹ̀ka mọ́tò ní káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń ronú lórí ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n láàárín Táyéwò àti Kẹ́hìndé. Kí ni baba tó bí wa ì bá wí?

Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ní tí òun bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí Táyé wọ bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ Ajé kó lọ wò ó bóyá ó dára, òun á wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ yẹn máa di agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n káàdì bọ́ọ̀sì ní fọ́tò lójú, ẹ má ṣe dán an wò. Fọ́tò wọn jọra tán, mo mọ ohun tó o ń rò.

Mo ṣèlérí fún ọ pé mi ò ní dá ẹjọ́ láìfẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó o lọ síbi ìnáwó ní Luton, èmi pẹ̀lú àwọn ìbejì rin ọ̀nà oko yẹn láti ẹnu ilẹ̀kùn yín dé géètì alámàlà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rin. Géètì onígi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn ìkejì níbẹ̀ ni màlúù méje ti dúró, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi wá bóyá a lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá. Kẹ́hìndé ń ka ìṣísẹ̀, ó ka á dé ẹgbẹ̀rún méjì kó tó sú u. Táyé ti jẹ gbogbo ṣinṣín tí mo dì dání tán kí a tó rí géètì kẹta. Ọjọ́ yẹn, oòrùn wà. Ní oṣù Kìíní, ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gbà á, àgbà ì báà bá a lọ. Nítorí náà, mo gbà fún ọ lórí ọ̀kan yìí. Ipele méjì ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní. Ọ̀gá kan á kọ́kọ́ tún un wò, bí kò bá sì tẹ́ ọ lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tí kò lọ́wọ́ sí ti àkọ́kọ́ á gbọ́ ẹnu rẹ. Bí o bá fẹ́ gbé ọ̀nà yẹn lọ síwájú wọn, èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ, mo ní fọ́tò ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jàre, àwọn ọmọ á wọ àmàlà o. Bí kìnnìún bá ṣì wù ọ́, fi Kẹ́hìndé sí àga, kí o máa gbé Táyé nínú Lexus.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí o dáhùn mọ. Bí o bá wá fẹ́ lọ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ kó tó dìgbà náà, wo inú ẹrẹ̀ lẹ́yìn géètì kejì, lápá ibi tí àwọn màlúù ti ń mumi. Bàtà mi wà níbẹ̀. Ti ẹsẹ̀ òsì ni.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Ṣèyí